Canon EOS 300: kámẹ́rà oní-fíìmù tí mo rà l'Óṣogbo

Àbúrò bàbá mi ló fi fọ́tò sí mi lọ́kàn. Pentax K1000 ni wọ́n fi ń ya ìkómọ àti ìgbéyàwó ládùúgbò wa nítòsí Ọjà Ọba nígbà tí mo wà ní kékeré. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí fíìmù rẹ̀, ọwọ́ náà ni wọ́n fi ń wá fókọ́ọ̀sì. Bátìrì rẹ̀ kò ṣe ju kó wọn ìmọ́lẹ̀ lọ. Tó bá kú, iṣẹ́ ń lọ. Nígbà tí mo sọ pé èyí tó ń ṣe gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́, wọ́n wò mí títí. "Ìwọ ọmọ yìí, tí bátìrì bá kú mọ́ ọ lọ́wọ́ lójú agbo ńkọ́?" Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ń sáré ni mo fẹ́ràn láti máa yà, ọwọ́ mi kò sì lè bá ẹsẹ̀ wọn dọ́gba.

Lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń ta tòkúnbọ̀ lọ́nà Òkè-Fìà ni mo ti rà á. Kámẹ́rà méjì ló gbé jáde. Èkíní wúwo, ó dán, owó rẹ̀ sì kéré. Mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ sójú oòrùn, mo rí nǹkan dúdú tó lẹ̀ mọ́ ewé ṣọ́tà, ìlẹ̀kùn tó ń ṣí kí ìmọ́lẹ̀ lè dé ara fíìmù, bí ọ̀dà títì. Rọ́bà kékeré kan wà nínú irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ tí ṣọ́tà ń gbá mọ́ nígbàkúùgbà tó bá ṣí. Tí rọ́bà náà bá gbó, yíyọ́ ló ń yọ́, ṣọ́tà á máa lẹ̀, apá kan fọ́tò á sì dúdú. Ọkùnrin náà ní kí n fi sípíríìtì nù ún. Ó ṣeé nù lóòótọ́, ṣùgbọ́n rọ́bà tó ń yọ́ ṣì wà níbẹ̀, yóò tún dé. Mo dá a padà.

Èkejì ni Canon EOS 300, tó jáde ní 1999. Ike ló pọ̀ lára rẹ̀, ó sì fúyẹ́. Bátìrì CR2 méjì ló ń lò. Mo ti gbé tèmi dání láti ilé, nítorí kámẹ́rà tí kò ní bátìrì kò ṣeé dán wò. Mo fi ṣọ́tà sí 1/2000 ìṣẹ́jú-àáyá, mo tún fi sí odindi ìṣẹ́jú-àáyá kan, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo ki fíìmù kan tó ti gbó bọ̀ ọ́ kó yí i. Mo tan iná fóònù gba inú lẹ́ǹsì 28-90 tó wà lára rẹ̀ kọjá: eruku díẹ̀ kò burú, fọ́nrán bí òwú aláǹtakùn ni mo ń wá, torí lẹ́ǹsì náà máa ń bu bíi búrẹ́dì. Kò sí. Ó pè é ní ₦70,000, mo san ₦58,000.

Lẹ́ǹsì ni ìdí tí mo fi fara mọ́ Canon. Láti 1987 ni lẹ́ǹsì EF, irú èyí tó ń wọ kámẹ́rà EOS, ti wà, àwọn tó ń fi kámẹ́rà ìgbàlódé ya òde l'Ọlà-Ìyá sì ṣì ń lò ó. Mo yá lẹ́ǹsì EF 50mm lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan, ó wọlé wẹ́rẹ́. Àmì ni kí ẹ wò: èyí tó ní àmì pupa róbótó yóò wọ̀ ọ́, oní-funfun onígun mẹ́rin, EF-S nìyẹn, irú tí wọ́n ṣe fún àwọn kámẹ́rà díjítà kan, kò ní wọ̀ ọ́.

Ohun kan wà tí n kò mọyì títí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà. Tí a bá ki fíìmù sínú EOS 300, ó máa kọ́kọ́ fa gbogbo rẹ̀ jáde, á wá máa dá a padà sínú agolo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí a ṣe ń yà á. Kíkà rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ ni. Èyí tí mo ti yà ti wà nínú òkùnkùn, kò sí ohun tó ṣe é. Àwọn tí n kò tíì yà nìkan ló bàjẹ́. Fọ́tò ìyá mi wà nínú àwọn tó yè yẹn.

Níbi Ọdún Ọ̀ṣun ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́ èyí tó kù. Mo yí bọ́tìnì orí kámẹ́rà sí àmì onígun mẹ́rin tó ń dá ohun gbogbo ṣe. Abẹ́ igi inú Igbó Ọ̀ṣun ṣókùnkùn, ni filáàṣì bá dìde fúnra rẹ̀, ó kọ mànà sójú ìyá arúgbó kan tó wọ aṣọ funfun. "Ọmọ mi, iná wo lèyí?" Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Láti ọjọ́ náà, àmì P ni mo ń yí i sí: kámẹ́rà ṣì ń wọn ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí filáàṣì àfi tí mo bá gbé e sókè. Aṣọ funfun náà ní wàhálà tirẹ̀. Kámẹ́rà gbà pé àwọ̀ eérú ni gbogbo nǹkan, nítorí náà aṣọ á di eérú, ojú èèyàn dúdú á sì rì. Ẹ gbé àárín ohun tí ẹ ń rí nínú kámẹ́rà lé ojú èèyàn náà, ẹ tẹ bọ́tìnì oníràwọ̀ kó di ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ náà mú, kí ẹ tó tún fọ́tò yín tò.

Fíìmù dúdú-àti-funfun ni mo ń fọ̀ fúnra mi ní balùwẹ̀. Aláwọ̀, mo ń kó o pọ̀ ránṣẹ́ sí Èkó. Láti Èkó náà ni CR2 ti ń wá, torí n kò rí i ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta tí mo dé ní Ìgbọ̀nà. Ẹni tí kò bá lè fi méjì tuntun pamọ́ sínú báàgì nígbà gbogbo, irú K1000 ti àbúrò bàbá mi ni kó wá rà.