Àwòṣe agbárí Morganucodon: eyín rẹ̀ pé, oríkèé àgbọ̀n rẹ̀ kù

Morganucodon jẹ́ ẹranko kékeré kan tó jọ asín, tó gbé ayé ní nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 200 sẹ́yìn, nígbà tí àwọn dáínósọ̀ ti wà lórí ilẹ̀. Agbárí rẹ̀ gùn tó bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 péré, nítorí náà kò sí bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè rí ohun tó wà lára rẹ̀ dáadáa láìlo àwòṣe tí wọ́n sọ di ńlá. Àwòṣe tí mò ń yẹ̀ wò yìí, ike líle ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sọ ọ́ di ìlọ́po 8, wọ́n sì fi ìwé pélébé kan tì í lẹ́yìn.

Eyín ni wọ́n ṣe dáadáa jù lọ. Lórí eyín ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn ṣóńṣó tó ṣe pàtàkì tò tẹ̀lé ara wọn lórí ìlà kan ṣoṣo, èyí tó wà láàárín ló sì ga ju àwọn yòókù lọ; tí a bá fi ìka pa á, a óò mọ ibi tí eyín òkè ti ha á tó fi pẹlẹbẹ. Iṣẹ́ àfarabalẹ̀ ṣe gidi ni èyí, ó sì wúlò, nítorí ìwádìí tí Pamela Gill àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2014 fi hàn pé kòkòrò tí ara wọn le ni Morganucodon ń fọ́ jẹ, nígbà tí Kuehneotherium tí wọ́n jọ gbé ibì kan náà ń jẹ àwọn tí ara wọn rọ̀.

Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ló bà mí nínú jẹ́. Oríkèé méjì ló so àgbọ̀n Morganucodon mọ́ agbárí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan: ti àtijọ́ tí àwọn ẹranko afàyàfà ṣì ń lò, àti tuntun tí àwa ẹranko afọ́mọlọ́mú ń lò lónìí. Àwọn egungun tíń-tìn-tín tó di oríkèé àtijọ́ náà mú wà nínú kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní ìhà inú àgbọ̀n, àwọn irú egungun bẹ́ẹ̀ ló sì wá di egungun kéékèèké inú etí tí a fi ń gbọ́ràn. Ohun tó sọ ẹranko yìí di ẹni àpéwò nìyẹn, síbẹ̀ oríkèé kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe, ìhà inú àgbọ̀n náà sì ń dán gbọ̀rọ̀gbọ̀rọ̀ láìní kòtò kankan.

Kì í ṣe pé ìmọ̀ náà ṣọ̀wọ́n. Àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Kermack, Mussett àti Rigney, ti ṣàpèjúwe àgbọ̀n náà ní 1973, wọ́n sì ṣàpèjúwe agbárí ní 1981. Àgbọ̀n tí kò ní kòtò bá ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ nípa Hadrocodium mu, ẹranko tí agbárí rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 12, tí wọ́n rí ní Lufeng ní ilẹ̀ Ṣáínà, tí wọ́n sì kéde rẹ̀ ní 2001. Àgbọ̀n ẹlòmíràn ni wọ́n gbé wọ Morganucodon.

Ìwé pélébé náà kò ní àléébù púpọ̀: ó sọ òtítọ́ pé onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Kühne ló fún Morganucodon lórúkọ ní 1949, láti ara eyín tí wọ́n rí ní Wales.

Olùkọ́ tó bá fẹ́ kọ́ni nípa eyín àti oúnjẹ lè rà á láìṣiyèméjì. Èyí tó bá fẹ́ fi ṣàlàyé bí etí wa ṣe bẹ̀rẹ̀, kó dúró títí wọn yóò fi ṣe àgbọ̀n tuntun, èyí tí àwọn egungun tíń-tìn-tín inú kòtò rẹ̀ ṣeé yọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.