Fọ́tò fífọ̀ ní Àbújá: ṣọ́ọ̀bù ni, àbí orí íntánẹ́ẹ̀tì?

Bí ẹ bá wo iye ẹyọ fọ́tò kan nìkan, ti orí íntánẹ́ẹ̀tì lè dà bí owó pọ́ọ́kú. Ẹ má tíì sanwó. Ó lè jẹ́ Èkó ni ẹ̀rọ wọn wà, owó tí wọ́n máa fi gbé e wá sí Kubwa tàbí Lugbe kì í sì í hàn títí ẹ ó fi dé ibi ìsanwó.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní orí íntánẹ́ẹ̀tì ń gba ₦200 lórí fọ́tò 4x6 ínǹṣì kan, owó ìfiránṣẹ́ jẹ́ ₦4,000, oníṣọ́ọ̀bù ní Wuse sì ní ₦300 lòun máa gbà. Fọ́tò 10 á di ₦6,000 lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ₦3,000 ní ṣọ́ọ̀bù. Tó bá di 40, ₦12,000 ni méjèèjì. Tó bá wá di 100, íntánẹ́ẹ̀tì á gba ₦24,000, ṣọ́ọ̀bù á gba ₦30,000. Ẹ ṣáà fi ìyàtọ̀ owó ẹyọ kan pín owó ìfiránṣẹ́, ẹ ó rí iye fọ́tò tí íntánẹ́ẹ̀tì ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í dín owó kù fún yín. Àmọ́ ẹ ka owó ọkọ̀ yín náà mọ́ ti ṣọ́ọ̀bù o. Ẹni tó ti Nyanya wá sí Wuse kò fẹsẹ̀ rìn.

Ti ṣọ́ọ̀bù ṣeé ná. Ẹni tó kó 50 wá kì í san iye tí ẹni tó mú méjì wá ń san, pàápàá tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń sọ “a rage mana” (“ẹ bá wa dín in kù” lédè Hausa) pẹ̀lú ẹ̀rín. Ta lẹ fẹ́ bá ná owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ní ṣọ́ọ̀bù ni pé ẹ lè ní kí wọ́n tẹ ẹyọ kan wò ná. Ẹ̀rọ mìíràn á sọ ojú èèyàn di eérú, á sì sọ aṣọ òkè aláwọ̀ wáìnì di búráùn. Ẹ wà níbẹ̀, ẹ ó ní kí ọmọ tó jókòó ti kọ̀ǹpútà tún un ṣe kó tó tẹ ìyókù. Ẹ wo gèlè náà. Fóònù sábà máa ń ya fọ́tò ní 4:3 (gígùn sí ìbú), ìwé 4x6 sì jẹ́ 3:2, torí náà bí fọ́tò mọ̀lẹ́bí bá wà ní ìbú, òkè àti ìsàlẹ̀ ni wọ́n máa gé. Gèlè Màmá ló máa kọ́kọ́ lọ. Lórí 8x10, àwọn tó dúró ní ẹ̀gbẹ́ ló wà nínú ewu. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sún àlà ibi gígé. Ẹ má kàn tẹ “ó dáa” lásán.

Páṣípọ́ọ̀tì? Ṣọ́ọ̀bù, kò sí àríyànjiyàn.

Ibi yòówù kí ẹ lọ, kí fọ́tò 4x6 ní ó kéré tán píksẹ́ẹ̀lì (àwọn àmì tíntìntín tó para pọ̀ di àwòrán) 1200 x 1800, kí 8x10 ní 2400 x 3000. WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀, píksẹ́ẹ̀lì rẹ̀ á sì dín kù, torí náà ẹ fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì.

Tó bá jẹ́ pé Ìlọrin tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ ni fọ́tò ń lọ, ẹ kọ àdírẹ́sì ilé sí orí íntánẹ́ẹ̀tì, kó lọ síbẹ̀ tààrà. Èyí tẹ́ ẹ bá fọ̀ ní Wuse, ẹ tún máa sanwó wéèbìlì ní páàkì Jabi. Férémù onígíláàsì nìkan ni kí ẹ má fi ránṣẹ́: ẹ jẹ́ kí ìwé fọ́tò lọ, kí wọ́n ṣe férémù lọ́hùn-ún.