Ìkìlọ̀ Nípa Tábúlẹ́ẹ̀tì Tòkunbọ̀ Tí Wọ́n Ní Ó Ń Pe Fóònù

Ẹ̀yin ará wa ní ilẹ̀ Okun, láti Kabba dé Iyara, Mopa, Isanlu àti Egbe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí kí ẹ tó san owó fún ẹnikẹ́ni tó bá ń polówó tábúlẹ́ẹ̀tì tòkunbọ̀ pé ó ń pe fóònù, ó sì ń gba àtẹ̀jíṣẹ́. Òǹtajà kan ń gbé irú rẹ̀ káàkiri lọ́jọ́ ọjà, ó sì ti tà á fún àwọn ènìyàn tí mo mọ̀. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé ọgbọ́n tó ń dá ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ẹlòmíràn lè dá irú rẹ̀ lọ́la.

Ohun tó ń ṣe ni pé yóò tan tábúlẹ́ẹ̀tì náà, yóò tẹ nọ́ńbà yín sí i lójú yín, fóònù yín yóò sì dún. Ta ni kò ní gbà pé ẹ̀rọ náà ń pè? Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ojú ihò tí à ń ki síìmù sí lára rẹ̀ rárá. Fóònù mìíràn tó wà lápò òǹtajà ni ó ń pè, nítorí pé ó ti fi àkáǹtì kan ṣoṣo (ti orí ẹ̀rọ ni o, kì í ṣe ti báǹkì) so ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀. Nígbà tó fẹ́ ta ọ̀kan fún ìyá kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń wá ohun tí yóò máa fi ka àtẹ̀jíṣẹ́ ní lẹ́tà ńlá, ọmọ tí obìnrin náà bí pe nọ́ńbà tó yọ lójú fóònù wọn padà. Tábúlẹ́ẹ̀tì dún lóòótọ́, ṣùgbọ́n àpò ṣòkòtò òǹtajà náà ń gbọ̀n pẹ̀lú. Ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ní ìyàwó òun ló ń pe òun. Wọn kò fura, wọ́n sanwó. Nígbà tí wọ́n délé, tábúlẹ́ẹ̀tì kò pe ẹnikẹ́ni mọ́.

Kì í ṣe pé síso tábúlẹ́ẹ̀tì mọ́ fóònù burú. Samsung àti Apple ni wọ́n fi í sínú ẹ̀rọ wọn, ó sì wúlò gan-an fún ẹni tí ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Àmọ́ fóònù gidi tó ní síìmù gbọ́dọ̀ wà, kó wà ní títàn, kí ẹ̀rọ méjèèjì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n sì jọ wà lórí àkáǹtì kan náà. Owó ìpè ń jáde láti inú síìmù fóònù, nọ́ńbà fóònù náà ni ẹni tí ẹ pè yóò sì rí. Èyí ni ẹ lè fi mú ẹlẹ́tàn: ẹ wo nọ́ńbà tó yọ lójú fóònù yín, ẹ bi í pé síìmù tó ni nọ́ńbà náà dà, kí ẹ sì ní kó pa gbogbo fóònù ara rẹ̀ kó tó tún pè.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó fi ihò mẹ́mọ́rì káàdì hàn yín bí ẹni pé ti síìmù ni. Ẹ ki síìmù tiyín sí i, kí ẹ fi pe ènìyàn. Ẹ tún wo nọ́ńbà ẹ̀yà rẹ̀ (model number) nínú Settings, lábẹ́ About tablet. Fún àpẹẹrẹ, Galaxy Tab A8 tó jẹ́ SM-X200 kò gba síìmù, ṣùgbọ́n SM-X205 gbà á. Ti iPad tún yàtọ̀: èyí tó gba síìmù pàápàá, dátà ni ó ń fi síìmù lò, kì í fi pe ìpè lásán láìsí iPhone.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù lọ ni ti àwọn tó padà lọ bá òǹtajà náà. Ó gba fóònù wọn, ó ní òun yóò bá wọn so ó pọ̀, ó sì fi àkáǹtì tí òun fúnra rẹ̀ ṣí wọlé sórí rẹ̀. Ẹni tó bá mọ páásíwọ́ọ̀dù àkáǹtì yẹn lè wá fóònù yín kàn níbikíbi tó bá wà, ó lè tì í pa láti òkèèrè, ó tilẹ̀ lè pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Bí ó bá sì ní ẹ̀rọ mìíràn tó so mọ́ ọn, ó lè máa ka àtẹ̀jíṣẹ́ yín, títí kan nọ́ńbà OTP tí báǹkì ń fi ránṣẹ́. Bí ó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ yọ àkáǹtì rẹ̀ kúrò lónìí, kí ẹ ṣí tiyín, kí ẹ yẹ Device pairing, ibi tí ẹ ti lè rí àwọn ẹ̀rọ tó so mọ́ àtẹ̀jíṣẹ́ yín, wò nínú Google Messages, kí ẹ já ẹ̀rọ tí ẹ kò bá mọ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ PIN báǹkì yín. Bí àkáǹtì náà bá kọ̀ tí kò kúrò láìsí páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, ẹ fi síìmù yín sínú fóònù mìíràn ná.

Kí ẹ tó sanwó fún tábúlẹ́ẹ̀tì èyíkéyìí, ẹ ní kí òǹtajà kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé ó gba síìmù, kó kọ nọ́ńbà ẹ̀yà rẹ̀ àti nọ́ńbà IMEI rẹ̀ (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ tó ń gba síìmù) pẹ̀lú, kó sì fọwọ́ sí i. Ìwé yẹn ni ẹ máa mú dání bí ẹ bá fẹ́ fi ẹjọ́ rẹ̀ sun FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà.