Rọ́bà lítà 4, lítà 10, lítà 20 àbí àpò: èwo ni kẹ́ ẹ rà fún ata àti tòmátò inú ilé?

Ẹ̀yin ará Adó, Ìkẹ́rẹ́, Ìjerò àti gbogbo Èkìtì tẹ́ ẹ fẹ́ máa gbin ata rodo àti tòmátò sí fàrándà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì náwó. Pàápàá ẹ̀yin tí ilé yín wà lórí àpáta bíi ti Ìkẹ́rẹ́, tẹ́ ẹ bá gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ ẹ ti kan òkúta, mo mọ̀ pé inú rọ́bà ló kù tẹ́ ẹ lè gbìn sí. Ṣùgbọ́n owó rọ́bà lọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń wò, wọ́n á ra kékeré púpọ̀ torí ó pọ̀ lójú, ata á hù dáadáa, á wá dúró sójú kan, á tan òdòdó, òdòdó á rẹ̀ dànù, wọ́n á ní irúgbìn ni ò dáa. Irúgbìn kọ́ o. Gbòǹgbò ló ti kún inú rọ́bà, kò ríbi lọ mọ́.

Nǹkan méjì ni kẹ́ ẹ fi yan sáìsì: bí gbòǹgbò nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ gbìn ṣe máa tó tó bá dàgbà tán, àti iye ìgbà tẹ́ ẹ lè bomi rin ín lójúmọ́. Ìkejì yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ rò dáadáa, torí tí ọyẹ́ bá dé, tí kànga ń gbẹ, tẹ́ ẹ̀ ń ra omi tánkà, rọ́bà kékeré á máa béèrè omi láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, rọ́bà ńlá á sì lè fara dà á dọjọ́ kejì.

Rọ́bà pẹ́ńtì kékeré, ìyẹn lítà 4 tí wọ́n fi ń wọn gàrí lọ́jà: efinrin dáa níbẹ̀, àlùbọ́sà eléwé náà dáa, ó sì dáa láti tọ́ ọmọ ata dàgbà kẹ́ ẹ tó lọ́ ọ. Tòmátò? Rárá.

Lítà 10: ata rodo kan ṣoṣo lè so níbẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń bomi rin ín lójoojúmọ́ tẹ́ ẹ sì ń fún un lóúnjẹ. Tòmátò kúkúrú tí kì í ga lè gbìyànjú, ṣùgbọ́n èso ẹ̀ á kéré. Mi ò ní sọ pé ẹ má rà á, tí ààyè yín bá há, ẹ rà á fún ata.

Lítà 20 ni mo máa ń ní kí gbogbo èèyàn rà, rọ́bà pẹ́ńtì ńlá yẹn gan-an. Tòmátò ń fẹ́ ilẹ̀ tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 30, ó sì jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ẹ̀. Tòmátò kan sí rọ́bà kan, ata kan sí rọ́bà kan, ẹ má fi ojúkòkòrò gbin méjì. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀ jù ni ọ̀rọ̀ omi yìí: ẹ mọ tòmátò tí ìdí ẹ̀ máa ń dúdú kó tó pọ́n, tó máa ń rì wọnú? Ọ̀pọ̀ èèyàn á sáré lọ ra oògùn kòkòrò, kì í ṣe kòkòrò rárá, ilẹ̀ tó ń gbẹ táútáú lónìí tó tún rin gbingbin lọ́la ni, èròjà kálísíọ̀mù ò wá lè bá omi dé inú èso bó ṣe yẹ. Inú rọ́bà kékeré ni èyí ti máa ń ṣẹlẹ̀ jù torí omi ẹ̀ kì í dúró.

Àpò ìrẹsì ńkọ́? Ó pọ́ọ́kú, ó sì láàyè. Èyí tó jẹ́ kílò 50, tẹ́ ẹ bá ká ẹnu ẹ̀ wálẹ̀ dé ìdajì, ilẹ̀ bíi lítà 30 máa wọ inú ẹ̀, ìyẹn tó fún tòmátò tó ń fà gan-an, ugu náà máa gbádùn ẹ̀. Omi máa ń rí ibi jáde lára ẹ̀ torí wọ́n hun ún ni. Àléébù ẹ̀ ni oòrùn, oòrùn máa ń jẹ ẹ́, tó bá yá ẹ máa fọwọ́ kàn án á máa fọ́ sí wẹ́wẹ́, ẹ ò sì lè gbé e kúrò níbi tó wà mọ́ kó má ya. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lẹ fẹ́ gbìn kẹ́ ẹ wò ó, ẹ lo àpò. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ máa gbìn lọ lọ́dọọdún, rọ́bà lítà 20 ló máa fowó pamọ́ fún yín.

Àwọn báàgì aláṣọ tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì dáa púpọ̀, mi ò ní parọ́, afẹ́fẹ́ ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́, gbòǹgbò tó bá dé etí á dúró, á ya ẹ̀ka míì dípò kó máa yí po. Àmọ́ ó ń gbẹ kíákíá ju rọ́bà lọ, èyí ò bá ìgbà ọyẹ́ lára mu. Tí wọ́n bá kọ gálọ́ọ̀nù 5 sára ẹ̀, bíi lítà 19 nìyẹn, gálọ́ọ̀nù 3 jẹ́ bíi lítà 11.

Ewédú àti tẹ̀tẹ̀ ò nílò gbogbo èyí o, báṣíà fífẹ̀ tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 20 ti tó.

Ọ̀rọ̀ wíwúwo náà wà ńbẹ̀. Lítà 20 tó kún fún ilẹ̀ tútù lè lé ní kílò 25, tẹ́ ẹ bá to mẹ́wàá sórí báákonì òkè, ẹ ṣírò ẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó ṣe é, kẹ́ ẹ sì tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Èèpo ìrẹsì máa jẹ́ kó fúyẹ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ ibi tí wọ́n ti ń lọ ìrẹsì lọ́nà Ìgbẹmọ, ẹ béèrè ẹ̀, ẹ pò ó mọ́ ilẹ̀dú àti ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa, kì í ṣe tútù, tútù á jó gbòǹgbò. Ẹ má da òkúta sísàlẹ̀ rọ́bà, omi kì í sáré kúrò nínú ilẹ̀ bọ́ sínú òkúta, orí òkúta ló máa dúró sí, ẹ sì ti gbé omi sún mọ́ gbòǹgbò nìyẹn. Ihò lẹ máa lù, mẹ́fà sí mẹ́jọ, ẹ fi ìṣó gbígbóná lù ú.

Ẹ má sì torí pé ẹ ra ńlá kẹ́ ẹ lọ ju ọmọ ata eléwé méjì sínú ẹ̀, omi tí kò lè mu tán á ba gbòǹgbò ẹ̀ jẹ́. Nínú kékeré ni kó ti kọ́kọ́ lágbára.

Tẹ́ ẹ bá dé Ọjà Ọba, funfun ni kẹ́ ẹ mú dípò dúdú, oòrùn ọ̀sán máa ń mú dúdú gbóná débi pé gbòǹgbò á jìyà. Ẹ ṣí i, ẹ gbóòórùn ẹ̀. Èyí tó gbé pẹ́ńtì olómi ṣeé fọ̀ mọ́, èyí tó bá ń rùn bíi tínà, ẹ fi sílẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí wọ́n gé lórí náà dáa tó bá jẹ́ òróró ló gbé, ṣùgbọ́n tí ẹni tó ń tà á ò bá lè sọ ohun tó wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó lè jẹ́ oògùn apakoríko, ẹ má rà á, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.