Kubota L2501 àti lódà LA525: ẹrù ẹ̀yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ rà

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún katakátá yìí. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà kò dáa ni mo ṣe yọ ẹyọ kan. Lódà iwájú rẹ̀, ìyẹn apá tó ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì gbé ẹrù, lágbára ju ohun tí ẹ̀yìn rẹ̀ lè dè mọ́lẹ̀ lọ, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ kì í sì í mọ̀ títí táyà ẹ̀yìn á fi gbéra nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo katakátá kékeré tó ní lódà ṣe rí, orúkọ yòówù kó wà lára rẹ̀.

Ẹ̀rọ ẹni tó ní éékà márùn-ún sí ogún ni, irú ilẹ̀ tí àwọn èèyàn wa ń rà ní Texas àti Georgia láti fi gbin ẹ̀fọ́ tàbí láti fi sin ewúrẹ́. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì onísílíńdà mẹ́ta ló ní, agbára ẹṣin 24.8. Nọ́ńbà yẹn kò ṣèèṣì. Ní Amẹ́ríkà, bí ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì bá ti kọjá 25, òfin èéfín á le sí i, ọ̀pọ̀ wọn a sì gba asẹ́ tó ń mú èéfín dúdú. Asẹ́ yẹn kì í fẹ́ iṣẹ́ ìṣẹ́jú ogún, nítorí kò ní gbóná tó láti jó ohun tó kó sínú. Fún iṣẹ́ ilé, mo fara mọ́ agbára tó mọ níwọ̀n láìsí asẹ́.

Ìwé rẹ̀ sọ pé lódà ń gbé 1,131 pọ́n-ùn, nǹkan bí 513 kílò. Ẹ má gbára lé nọ́ńbà yẹn. Ibi píìnì tí bọ́kẹ́ẹ̀tì ti so mọ́ apá lódà ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, bẹ́ẹ̀ iwájú píìnì ni ẹrù yín yóò wà. Bó bá ṣe jìnnà sí píìnì tó ni agbára á ṣe dín kù tó. Bọ́kẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ tún ń jẹ nínú rẹ̀, irin tí a fi ń tètè yí bọ́kẹ́ẹ̀tì padà náà ń jẹ tirẹ̀. Ẹ wá ṣírò iyanrìn tútù: kúbíìkì mítà kan tó nǹkan bí 1,900 kílò, nítorí náà ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ti di 475 kílò kí a tó ka irin kankan mọ́ ọn. Èèpo igi lílọ̀ lè kún bọ́kẹ́ẹ̀tì fọ́fọ́ kó má ṣe nǹkan kan. Iyanrìn tútù, ààbọ̀ ni.

Ní ti ẹrù ẹ̀yìn, ìyẹn ohun wúwo tí a so mọ́ ẹ̀yìn kí táyà ẹ̀yìn má bàa gbéra, áàsì iwájú (irin tó so táyà iwájú méjèèjì pọ̀) ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Ohun tó wà níwájú áàsì yẹn ń gbé ẹ̀yìn sókè, ohun tó wà lẹ́yìn ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, bó bá sì ṣe jìnnà sẹ́yìn tó ló ṣe ń ṣiṣẹ́ tó. Ìdí nìyẹn tí omi inú táyà ẹ̀yìn fi dára ṣùgbọ́n tí kò tó: ó ń jẹ́ kí táyà di ilẹ̀ mú, àmọ́ kò gba ẹrù kankan kúrò lórí áàsì iwájú. Ohun tí a so kọ́ apá mẹ́ta ẹ̀yìn, irin tí a fi ń so irinṣẹ́ mọ́ katakátá, tó kọjá áàsì ẹ̀yìn, ń ṣe méjèèjì. Dírọ́ọ̀mù 200 lítà tí a da kọ́ńkéré sí dé ìdajì tó nǹkan bí 240 kílò. Bó bá dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ó di 360. Ìwé lódà ni yóò sọ iye tó yẹ fún irú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹ ń lò. Ẹ gbé dírọ́ọ̀mù náà sókè díẹ̀ péré, kó má fẹ̀gbẹ́ lu táyà, kó má sì wọ́lẹ̀. Fún inú táyà, omi lásán yóò dì nígbà òtútù. Omi kálísíọ́mù kíloráìdì kì í tètè dì, ṣùgbọ́n ó ń jẹ ríìmù bó bá jò.

Ohun tí kò hàn sí olùbẹ̀rẹ̀ ni ti bíréèkì. Táyà ẹ̀yìn nìkan ni bíréèkì ń mú. Bí bọ́kẹ́ẹ̀tì bá kún, tí ẹ ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, tí ẹ̀yìn sì ti fúyẹ́, ẹ lè tẹ bíréèkì dópin kí ẹ̀rọ máa yọ̀ lọ. Pẹ́dàlì HST (ètò tó ń fi epo háídírọ́líìkì gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí táyà) náà kò ní gbà yín, torí táyà ẹ̀yìn kan náà ló ń tipasẹ̀ rẹ̀ dá a dúró. Ẹ fi sí fóò-wíìlì kí ẹ tó dé etí òkè, kí táyà iwájú tó ru ẹrù náà lè bá wọn dá a dúró. Jíà kékeré ni, ẹ má sì yí i padà láàárín ọ̀nà: bí jíà bá bọ́ sí àárín, kò sí ohun tó mú un mọ́. Bí bọ́kẹ́ẹ̀tì bá wúwo, ẹ kọjú sí òkè láti gùn ún, ẹ fi ẹ̀yìn rìn láti sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹ bá ń rìn lójú títì, ẹ so pẹ́dàlì bíréèkì méjèèjì pọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan á mú, èkejì á sá.

Ní ti kí ẹ̀rọ dà sí ẹ̀gbẹ́, ẹ wo áàsì iwájú dáadáa: píìnì kan láàárín ló so ó mọ́ ara ẹ̀rọ, ó ń yí sókè sódò. Orí ẹsẹ̀ mẹ́ta ni katakátá dúró lé nígbà náà, táyà ẹ̀yìn méjì àti píìnì yẹn, bíi àdògán. Táyà iwájú méjèèjì lè wà nílẹ̀ kí ara ẹ̀rọ ti máa dà lọ, nítorí náà ẹ má fi iwájú ṣe òṣùwọ̀n. Ẹrù kò gbọ́dọ̀ ga ju 30 sẹ̀ǹtímítà lọ nígbà tí ẹ bá ń rìn. Bó bá ti fẹ́ dà, ẹ sọ bọ́kẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ọwọ́ ìdarí rọrùn: ẹ fà á sẹ́yìn kó gòkè, ẹ tì í síwájú kó sọ̀, sí òsì kó ká, sí ọ̀tún kó dà. Ọ̀fìn méjì ló wà níbẹ̀. Bí ẹ bá tì í síwájú dópin, ó bọ́ sí ipò tó ń jẹ́ kí lódà léfòó, ìyẹn pé epo kò dì í mú mọ́. Ẹrù tó wà lókè á já lulẹ̀. Fún fífà òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́yìn nílẹ̀ pẹrẹsẹ ni ipò yẹn wà. Èkejì: bí apá lódà bá ń gòkè, bọ́kẹ́ẹ̀tì ń tẹ̀ sẹ́yìn fúnra rẹ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ á yí bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ máa yà á sí ọ̀tún díẹ̀díẹ̀ bó ti ń gòkè. Nítorí èyí ni mi ò ṣe fara mọ́ gbígbé koríko róbótó nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì rárá, ẹ̀wọ̀n yòówù kí ẹ fi dè é. Ọ̀kọ̀ koríko ni kí ẹ fi gbé e, kó sì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Bí bọ́kẹ́ẹ̀tì bá há sínú òkìtì, olùbẹ̀rẹ̀ á tẹ pẹ́dàlì sí i. Òdìkejì ló yẹ. Nínú HST, títẹ̀ púpọ̀ ló ń fún un ní eré, títẹ̀ díẹ̀ ló ń fún un lágbára. Ẹ dẹ ẹsẹ̀, ẹ ká bọ́kẹ́ẹ̀tì díẹ̀ kó tú, kí ẹ tó gbé e.

Irin ROPS tó wà lẹ́yìn ìjókòó, èyí tó ń dáàbò bo awakọ̀ bí ẹ̀rọ bá dà, ṣeé ká lulẹ̀ fún ibi tí ẹ̀ka igi bá wà. Bó bá wà ní òró, ẹ di bẹ́líìtì. Bí ẹ bá ká a, ẹ má dì í, kí ẹ sì tètè gbé e dìde padà. Nílé lọ́hùn-ún, ọmọ iṣẹ́ máa ń jókòó lórí mọ́dígáàdì bí ẹni wọ bọ́ọ̀sì. Ìjókòó kan péré ni ẹ̀rọ yìí ní. Síwíìṣì tó ń pa ẹ́ńjìnnì bí ẹ bá dìde níbẹ̀, àwọn kan máa ń fi wáyà fò ó. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín ṣe é. Bí ẹ bá sì fẹ́ fa kùkùté, irin tí a fi ń fa nǹkan, tó wà nísàlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀rọ, ni kí ẹ so okùn mọ́. Bí ẹ bá so ó sókè ju áàsì ẹ̀yìn lọ, iwájú lè gbéra kó sì dojú dé yín kí ẹ tó ráyè gbé ẹsẹ̀.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò ṣòro. Gíríìsì sí gbogbo píìnì lódà ní wákàtí 10, bọ́kẹ́ẹ̀tì nílẹ̀, ẹ́ńjìnnì ní pípa. Ní wákàtí 50 àkọ́kọ́, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti asẹ́ HST. Bí páìpù háídírọ́líìkì bá ń jò, páálí ni kí ẹ fi wá ibẹ̀. Epo tó ń tú láti ihò tó kéré bí ojú abẹ́rẹ́ ń gún awọ wọlé, ilé ìwòsàn ni ẹni tó bá gún gbọ́dọ̀ wà lọ́jọ́ yẹn gan-an, bí kò tilẹ̀ dùn ún. Bóòtù tó so férémù lódà mọ́ ara ẹ̀rọ àti nọ́ọ̀tì táyà máa ń dẹ̀ ní àwọn wákàtí àkọ́kọ́, nítorí náà ẹ tún wọn dè kí oṣù àkọ́kọ́ tó parí.