Tracker tó mọ ibi tí ọkọ̀ wà, àmọ́ tí kò gbúròó ẹ́ńjìnnì mọ́

Kì í ṣe torí olè ni mo ṣe ra tracker sí àwọn Sienna tí mo fi ń kó èrò láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Èkó. Mo mọ ilé àwọn awakọ̀ mi. Ẹ́ńjìnnì ni mo fẹ́ máa ṣọ́: bí omi rẹ̀ ṣe gbóná tó, bí epo ṣe ń lọ, bí wọ́n ṣe ń tẹná tó tí wọ́n bá ti bọ́ sí márosẹ̀. Ẹni tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná kú mọ́ lọ́wọ́ rí nítòsí Ìperu á mọ ohun tí mò ń wí.

Ní ti ibi tí ọkọ̀ wà, mi ò ní ẹ̀sùn kankan. Láti Àgọ́-Ìwòyè títí dé Ọjọ́ta, máàpù rẹ̀ kì í ṣìnà. Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ló yàtọ̀. Abẹ́ síárìn ni wọ́n ń ki tracker yìí sí, nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò 16 tí mẹkáníìkì ń ki scanner (ẹ̀rọ tó fi ń yẹ ẹ́ńjìnnì wò) sí. Láti 1996 ni Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan fún ọkọ̀ tuntun tí wọ́n bá ń tà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà fi bá a mu. Ẹ jẹ́ ká wá kíyè sí i: ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì ni tracker ti ń mọ ibi tó wà, àmọ́ ọ̀dọ̀ brainbox, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, nìkan ló ti lè gbọ́ nípa ẹ́ńjìnnì. Ọ̀kan lè dákẹ́ kí èkejì má dákẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ mi nìyẹn. Iná àwọ̀ ewé ń tàn lójú app pé gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa, ọkọ̀ ń rìn, bẹ́ẹ̀ ojú ibi tí ìgbóná omi yẹ kó wà ṣófo. App náà kò pariwo rárá. Àléébù tó burú jù tí mo rí nìyí, torí ẹni tí kò bá wo ibẹ̀ á rò pé ẹ́ńjìnnì òun ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

Ilé-iṣẹ́ tó tà á fún mi ní kí n yọ ọ́ kí n tún un kì. Kò yí padà. Wọ́n ní ó ti bàjẹ́, kí n ra òmíràn. Mi ò gbà. Mo gbé ọkọ̀ lọ bá bàbá kan tó ń ṣe rìwáyà ní Ṣàgámù. Bàbá ní, “Ẹ má tíì náwó. Ẹ jẹ́ ká bi ọkọ̀ léèrè ná.”

Mítà ló kọ́kọ́ mú jáde. Ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 16 gbọ́dọ̀ ní iná bátìrì, bí wọ́n tilẹ̀ pa ọkọ̀. Ihò 4 àti 5 ni ti ilẹ̀ (earth). Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, fíúùsì kan náà ló ń gbé iná sọ́kẹ́ẹ̀tì yìí àti ibi tí a ti ń ṣaájì fóònù, nítorí náà fíúùsì tó jó lè pa méjèèjì pọ̀. Tracker tó ní bátìrì tirẹ̀ nínú ṣì lè máa fi máàpù ránṣẹ́ fúngbà díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Tiwa ní iná. Ó tú bátìrì, ó fi mítà wọn àárín ihò 6 àti ihò 14, níbi tí ọ̀rọ̀ brainbox ń gbà kọjá: nǹkan bí ohm 60 (ohm ni wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dènà iná tó), bó ṣe yẹ kó rí. Ká ní 120 ni, á jẹ́ pé ìkan nínú resistor méjì (ohun kékeré tó ń dènà iná) tó wà lórí wáyà ihò méjèèjì yìí ti já. Bó bá sún mọ́ òdo, wáyà ti kan wáyà. Ó wá ki scanner tirẹ̀ tààrà sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, gbogbo nǹkan jáde. Ọkọ̀ kò ṣe nǹkan kan.

Okùn ẹlẹ́nu méjì tí wọ́n fi fa tracker pamọ́ sẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù ló fa gbogbo rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó yẹ kó wọ ihò 14 lẹ́nu okùn náà ti sún wọnú, kò kan irin mọ́. Bó ṣe ki tracker lásán láìsí okùn, ìgbóná omi yọ lójú app lójú ẹsẹ̀. Owó tracker tuntun ì bá ti lọ lásán.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó ṣófo ló bàjẹ́ o. Ọkọ̀ mi mìíràn ń fi ìgbóná àti eré ẹ́ńjìnnì hàn, kò fi ìwọ̀n epo hàn rí. Brainbox rẹ̀ kì í sọ ìyẹn jáde lójú sọ́kẹ́ẹ̀tì, scanner pàápàá kò rí i. Ó yẹ kí àwọn tó ń tà á sọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó gbowó. Bákan náà, ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú 2008 lè máa gba ihò 7 sọ̀rọ̀ dípò 6 àti 14, ẹ ní kí wọ́n ṣètò tracker sí i. Tí mẹkáníìkì bá sì fẹ́ ki scanner, ẹ yọ tracker ná. Bí méjèèjì bá ń bi brainbox léèrè pọ̀, èsì lè dàrú.

Máàpù gba ìràwọ̀ márùn-ún lọ́wọ́ mi, ẹ́ńjìnnì gba mẹ́ta. Tí wọ́n bá fi aago ìgbà tí ẹ́ńjìnnì sọ̀rọ̀ kẹ́yìn sójú app, mo máa fi ọ̀kan kún un. Ní ti HiAce mi, sọ́kẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, àmọ́ kò sí scanner tó rí brainbox rẹ̀ bá sọ̀rọ̀. Mo sọ fún ilé-iṣẹ́ náà pé owó máàpù nìkan ni mo máa san lórí rẹ̀, wọ́n sì gbà.