Bandcamp: ibi tí mo ti ń ra orin fún ṣọ́ọ̀bù mi n'Íjẹ̀bú-Igbó

Télọ̀ ni mí. Òkè-Àgbò, n'Íjẹ̀bú-Igbó, ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Láti àárọ̀ tí a bá ti ṣílẹ̀kùn títí a ó fi tì í nírọ̀lẹ́, orin kì í dákẹ́ lọ́dọ̀ wa. Láti bí ọdún mẹ́ta báyìí, orí Bandcamp, ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn olórin ti ń ta orin wọn, ni mo ti ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí à ń gbọ́. Àwọn oníbàárà kì í yé bi mí pé, "Àǹtí, níbo lẹ ti ń rí irú orin báyìí?" Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Àbúrò mi tó ń kàwé ní Jámánì ló mú mi mọ̀ ọ́n. Kò pè mí, kò ṣàlàyé kankan. Ó kàn ra àwo kan, ó ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí í-meèlì mi gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn. Mo tẹ ibi tí wọ́n ní kí n tẹ̀, orin sì wọlé sínú fóònù mi. Àwo Hailu Mergia ni, ọmọ Etiópíà tó ti ń gbé Amẹ́ríkà, tó ṣe é sínú kásẹ́ẹ̀tì ní 1985. Akọ́díọ̀nù, ìyẹn dùùrù alápò tí wọ́n máa ń fà tí wọ́n máa ń tì, ló fi ń kọrin, òun nìkan ló sì ń tẹ gbogbo dùùrù yòókù. Takisí ni bàbá yìí padà ń wà ní pápákọ̀ òfurufú ní Washington. Bí èrò kò bá tíì kàn án, á gbé dùùrù kékeré jáde láti inú búùtù, á máa tẹ̀ ẹ́ nínú ọkọ̀. Ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń ṣa kásẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Áfíríkà kiri ló rí iṣẹ́ rẹ̀ ní Etiópíà, ó wá a kàn, ó sì tún un gbé jáde ní 2013 lábẹ́ ilé-iṣẹ́ àwo rẹ̀, Awesome Tapes From Africa.

Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi í sí sípíkà, bàbá àgbà kan wá gba agbádá tó fẹ́ wọ̀ lọ sí Ojúde Ọba. Ó ti ń bọ̀ pẹ̀lú ìbínú, torí mo ti já a kulẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bó ṣe gbé ẹsẹ̀ kan wọlé ni akọ́díọ̀nù yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í fà, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń mí kanlẹ̀. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó yí etí síbi tí sípíkà wà. "I.K. Dairo rèé?" Mo ní rárá o, Bàbá, ará Etiópíà ni. Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó, wọ́n sì ṣí fìlà kúrò lórí. Títí orin yẹn fi tán, wọn kò bèèrè agbádá.

Bàbá kò ṣì í gbọ́ tó bẹ́ẹ̀. I.K. Dairo ló gbé akọ́díọ̀nù wọ inú jùjú. Òun yìí kan náà àti Haruna Ishola, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó wa níbí, ni wọ́n jọ dá STAR Records sílẹ̀ ní 1969, kí olórin lè ni àwo ara rẹ̀. Haruna tún kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ Phonodisk sí ìlú yìí. Àpótí kan gbáko ni bàbá mi fi kó àwo Haruna sí, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ń nù ún kí abẹ́rẹ́ tó kàn án. Torí ohun tí Haruna àti Dairo ṣe fún olórin yìí ni Bandcamp fi yé mi kíá. Olórin ló ń dá iye tí yóò tà. Bí ẹ bá ra orin dọ́là 10, dọ́là kan ààbọ̀ ni Bandcamp ń mú, wọ́n á tún yọ owó àwọn tó gba owó náà wọlé, ìyókù di ti olórin. Bó bá jẹ́ ohun àfọwọ́mú ni, bí àwo tàbí ṣẹ́ẹ̀tì, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń mú. Láti 2020 ni wọ́n sì ti ń ya àwọn ọjọ́ Jímọ̀ kan sọ́tọ̀ tí wọn kò ní mú tiwọn rárá. Èmi máa ń tọ́jú owó de ọjọ́ yẹn ni.

Bí mo ṣe ń wá orin níbẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù. Lábẹ́ àwo kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí àwòrán kéékèèké ti àwọn tó ti rà á. Ẹ tẹ ẹnì kan, gbogbo ohun tó ti rà á yọ sílẹ̀. Ẹnì kan wà tí n kò mọ̀ rí, n kò mọ ìlú rẹ̀, àmọ́ etí tèmi àti tirẹ̀ bára mu. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti bá Sahel Sounds, ilé-iṣẹ́ kan tó ń gbé àwo jáde, pàdé. Àwọn yẹn kọ́kọ́ ṣa orin láti inú mẹ́mórì káàdì fóònù àwọn ará aṣálẹ̀ Sàhárà, wọ́n sì wá àwọn tó kọ ọ́ rí kí wọ́n tó gbé e jáde. Gìtá wọn ń dún bí iyanrìn tí atẹ́gùn ń gbá. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi a máa fi tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ ni, ẹsẹ̀ wọn á sì bá a lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti le. Dọ́là ni owó ọjà, owó ńlá ni fún wa. Káàdì báńkì mi àkọ́kọ́ kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi lọ mo fi bọ̀, kí n tó gba káàdì dọ́là níbòmíràn. Ẹ má mú FLAC, ìyẹn fáìlì orin tó máa ń tóbi, bí fóònù yín kò bá láyè, MP3 tó kéré jù ú lọ tó. Tí ẹ bá ti gbé e sórí fóònù, kò ní jẹ dátà mọ́, iná lọ ni, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ ni, orin ń lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí orin kàn máa tú jáde láìwá a kò ní gbádùn ibẹ̀, torí ẹ ó jókòó, ẹ ó sì fetí tọ́ ọ wò. Èyí tó ń dùn mí jù ni àwọn ọmọ wa. Mo mọ àwọn ọ̀dọ́ tó ń lu àpàlà níbi ìnáwó, orin wọn mọ́ wẹ́wẹ́, wọn kò sí níbẹ̀. PayPal, ilé-iṣẹ́ tó ń bá ènìyàn fi owó ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni Bandcamp fi ń sanwó fún olórin, ọ̀pọ̀ ọdún ni PayPal kò sì fi jẹ́ kí ọmọ Nàìjíríà gba owó wọlé. Orin wọn kò ní wọ àpótí ẹnikẹ́ni ní Jámánì bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kó wọ̀ ọ́.

Bàbá alágbádá padà wá lẹ́yìn ọdún. Mẹ́mórì káàdì ni wọ́n nà sí mi, wọ́n ní kí n bá àwọn kó orin dùùrù alápò yẹn sí i. Mo ní kí wọ́n fún mi ní í-meèlì ọmọ-ọmọ wọn. Ó wà ní Ṣàgámù. Mo ra àwo náà lọ́jọ́ Jímọ̀ tí Bandcamp kò mú nǹkan kan, mo fi ránṣẹ́ sí i, ó bá wọn fi sórí fóònù wọn. Bí wọ́n bá ti ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi báyìí, inú àpò agbádá ni akọ́díọ̀nù ti ń dún.